Oníbodè, Adelé àti Àìgbúròó

Ẹ̀rọ tó ń yẹ ohun tó ń wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò, tó sì ń dá èyí tí kò yẹ padà, fáyáwọ̀ọ̀lù ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè é. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ ní tààrà sí "ògiri iná", kò sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. "Oníbodè" sọ ọ́. Ìwé Èdè Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé (1984) àti Ọládélé Awóbùlúyì (1990) ṣe olóòtú rẹ̀ dá lé èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́rùn wa.

Iléeṣẹ́ tí kò fẹ́ kí iṣẹ́ dúró a máa gbé oníbodè méjì kalẹ̀, àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni wọ́n sì jọ ń jẹ́. Mo pè é ní àdírẹ́sì oyè. Ọjọmọ ni wọ́n ń pe ọba Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, ẹni yòówù kó wà lórí ìtẹ́. Ẹni ń lọ, oyè ń dúró. Ẹ̀rọ kejì ni adelé. Ará ìpínlẹ̀ Oǹdó kò nílò àlàyé lórí ìyẹn: lẹ́yìn tí Déjì Àkúrẹ́ wàjà ní 2013, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ṣe adelé títí di 2015.

Ìlànà VRRP (1998) àti CARP, tó bá OpenBSD 3.5 jáde ní 2004, ló ń darí wọn. Ẹni tó wà lórí oyè a máa kéde ara rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan; bí adelé kò bá gbọ́ ọ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, á gorí oyè. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nínú VRRP, nọ́ńbà tó tóbi jù ló ń borí: "ipò àgbà" bá a mu. Nínú CARP, èyí tó kéré jù ni, nítorí pé ìdádúró ló ń wọ̀n: "ìfàsẹ́yìn" ló tọ́ sí i.

Nígbà mìíràn, àwọn méjèèjì á wà lórí oyè lẹ́ẹ̀kan náà. "Ìjà oyè" ló máa kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń jà. Súwíìṣì àárín wọn lè ti gbé ìkéde tó ń lọ sí àdírẹ́sì 224.0.0.18 mì, tàbí kí ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n jọ ní má bára mu, kí adelé sì ka ìkéde náà sí ti àjèjì. Kálukú wọn gbà pé òun nìkan ló kù. Àìgbúròó ni orúkọ àrùn náà. Ẹni tó bá gbọ́ "ìjà oyè" á máa tú ẹ̀rọ méjèèjì palẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ "àìgbúròó" á kọ́kọ́ lọ tẹ́tí lẹ́bàá adelé, kó mọ̀ bóyá ìkéde ń dé ibẹ̀.