Ariwo Táyà Ọkọ̀ àti Òfin Tó Lè Dín Un Kù

Ariwo táyà ni ìró tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń mú jáde bó ṣe ń yí lórí títì, ó sì yàtọ̀ sí ìró ẹńjìnnì àti ti fèrè ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹńjìnnì ni wọ́n ń gbọ́ bí ọkọ̀ bá sáré kọjá, àmọ́ bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òde òní bá ti ń sá tó nǹkan bíi kìlómítà 40 ní wákàtí kan, táyà ló ń pariwo jù. Ojú táyà kò tẹ́jú pẹrẹsẹ. Wọ́n gé rọ́bà rẹ̀ sí kélekèle, wọ́n sì fi ilà sáàárín wọn kí omi òjò lè rí ibi gbà. Bí ègé rọ́bà kọ̀ọ̀kan ṣe ń lu títì, ara táyà á máa gbọ̀n bí awọ ìlù, afẹ́fẹ́ tó há sínú ilà á sì máa tú jáde tipátipá. Ibi tí táyà ti ń gbéra kúrò nílẹ̀ wá ṣí gbayawu bí ẹnu kàkàkí, ó ń gbé ìró kékeré di ńlá. Ìró yìí máa ń le jù ní àyíká 1000 hertz, níbi tí etí ọmọ èèyàn ti ń gbọ́ràn dáadáa. Àwọn ẹnjiníà ti mọ̀ tipẹ́ pé bí gbogbo ègé rọ́bà bá gùn bákan náà, táyà á máa han kíkankíkan lóhùn kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gé wọn ní gígùn oríṣiríṣi.

Ìmọ̀ tí wọ́n lè fi ṣe táyà tí ariwo rẹ̀ kéré ti wà. Ohun tó ń fa ìdíwọ́ ni pé ẹni tó ń ra táyà kọ́ ló ń jẹ ìyà ariwo rẹ̀. Ẹni tó sùn sẹ́bàá ọ̀nà ló ń jẹ ẹ́, kò sì sí níbi tí wọ́n ti ń nájà. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi Continental, Michelin àti Pirelli ní táyà tí wọ́n lẹ fóòmù mọ́ inú rẹ̀, owó gidi ni wọ́n sì ná sórí iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ìró tó ń wọ inú ọkọ̀ ni fóòmù náà ń pa, ẹni tó wà níta kò fi bẹ́ẹ̀ jàǹfààní rẹ̀. Ẹni tó sanwó ni ọjà ń gbọ́ tirẹ̀. Ìyà ẹni tó wà níta kò sì kéré. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn ní 2018 pé kí ariwo ọkọ̀ ojú títì ní Yúróòpù má ju decibel 53 lọ bí a bá ṣírò tọ̀sán-tòru pọ̀, kó má sì ju 45 lọ lóru. Nǹkan bíi 100 mílíọ̀nù èèyàn ní Yúróòpù ló ń gbé níbi tí ariwo títì ti ju 55 lọ, ariwo tó ń da oorun rú tó sì ń pa ọkàn lára. Èmi kò rí ọ̀nà mìíràn tí ẹ̀tọ́ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ fi lè wọnú owó táyà bí kò ṣe òfin.

Òfin náà pẹ́ kó tó rí ojú ọ̀nà. Láti 1970 ni Yúróòpù ti ń fi ààlà sí ariwo ọkọ̀. Decibel 82 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, nígbà tó fi di 1996, ó ti di 74. Síbẹ̀ àwọn ará àdúgbò kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀, torí pé ọkọ̀ tó ń fi agbára gbéra ni wọ́n ń dán wò, ẹńjìnnì ló sì ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Táyà dákẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Ọdún 2001 ni òfin tó dojú kọ táyà fúnra rẹ̀ tó jáde, ṣùgbọ́n ó rọ̀ jù: ó gba táyà tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 205 láàyè títí dé decibel 75, èyí tí púpọ̀ nínú táyà ọjà ti ń mú ṣẹ láìlàágùn. Òfin 2009 ló ní eyín. Ó sọ 75 yẹn di 71, ó sì kan gbogbo táyà tuntun tí wọ́n ń tà láti oṣù kọkànlá 2016. Decibel mẹ́rin lè dà bíi nǹkan kékeré lójú ẹni tó ń ka nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ìṣirò decibel kì í lọ bí ìṣirò owó: bó bá fi mẹ́rin wálẹ̀, agbára ìró náà ti ku ìdá méjì nínú márùn-ún. Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n náà bọ́gbọ́n mu. Ọkọ̀ á sáré wọ ibi ìdánwò, awakọ̀ á pa ẹńjìnnì, ọkọ̀ á máa yí lọ fúnra rẹ̀ ní kìlómítà 80 ní wákàtí kan, ẹ̀rọ agbóhùn á sì wà ní mítà méje àábọ̀ sí àárín ọ̀nà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Àwọn tó ta ko òfin yìí kọ́kọ́ sọ pé táyà tí kò pariwo kò ní lè di ilẹ̀ mú nínú òjò. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, èmi fúnra mi kò ní gbè sẹ́yìn òfin náà, torí ẹ̀mí ṣáájú oorun. Àmọ́ ìwádìí tí FEHRL, àjọ àwọn ilé ìwádìí ojú ọ̀nà ní Yúróòpù, ṣe fún ìjọba Yúróòpù ní 2006 kò rí i pé ọ̀kan ń pa èkejì lára, táyà tó gba A, ipò tó dára jù lórí ìwé àlẹ̀mọ́ táyà, fún ìdìlẹ̀mú nínú òjò tó tún gba A fún ariwo sì wà lọ́jà lónìí. Àwọn mìíràn ní títì ni kí wọ́n tún ṣe. Òtítọ́ wà níbẹ̀: ọ̀dà oníhò tí wọ́n tẹ́ sí púpọ̀ nínú òpópónà márosẹ̀ Netherlands ń gbé ìró mì. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí máa ń dí ihò náà, títì kan ṣoṣo ni ó sì ń ṣe láǹfààní, nígbà tí táyà ń bá ọkọ̀ dé gbogbo ibi tó bá lọ. Àríwísí kan wà tí mo gbà pátápátá: ọ̀dà ibi ìdánwò jọ̀lọ̀ ju ti títì gidi lọ, nítorí náà táyà tó yege níbẹ̀ lè má fi bẹ́ẹ̀ dákẹ́ lójú ọ̀nà tí kò jọ̀lọ̀. Ó yẹ kí wọ́n fi ọ̀dà tó rí bíi ti títì gidi kún ìdánwò náà.

Ọkọ̀ oníná kò ní gbà wá. Òfin Yúróòpù pàṣẹ pé kó máa dún kí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbọ́ ọ, àmọ́ kò pọn dandan mọ́ bó bá ti kọjá kìlómítà 20 ní wákàtí kan, nítorí táyà rẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Bátìrì tún mú un wúwo sí i, èyí tí kò dín ariwo táyà kù. Ìwé àlẹ̀mọ́ ara táyà tuntun, tó ń fi A, B àti C sọ ìwọ̀n ariwo láti 2021, ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n C jẹ́ ti táyà tó kọjá ààlà tí òfin ti lé kúrò lọ́jà. A àti B nìkan ló kù láti yàn. Kí wọ́n sọ ààlà náà kalẹ̀ sí i, kí ìwé náà lè wúlò. Kí ìwọ òǹkàwé tó sanwó táyà, wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí o bá rí lẹ́tà E nínú òbìrí pẹ̀lú nọ́ńbà, tí S2 sì tẹ̀ lé e, táyà yẹn ti yege ìdánwò ariwo ìpele kejì, ti òfin 2009.