Èéfín Tí Àlàbá Tà fún Wa

Gáàsì kan wà tí wọ́n ń pè ní radon. Inú àpáta tó ní uranium ló ti ń jáde, ibi tí ilẹ̀ ilé bá sì ti sán ló ń gbà wọlé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1984, aago tó ń ṣọ́ ìtànṣán ké mọ́ òṣìṣẹ́ kan, Stanley Watras, bó ṣe ń wọ iléeṣẹ́ iná átọ́míìkì Limerick ní Pennsylvania, Amẹ́ríkà. Radon inú ilé ara rẹ̀ ló fà á, kì í ṣe ibi iṣẹ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ti ń ri páìpù sábẹ́ ilé, tí wọ́n sì ń fi fáànù fa gáàsì yìí síta. Ará Abẹ́òkúta àti Ìdànrè, tí wọ́n kọ́lé sórí àpáta, lọ̀rọ̀ yẹn lè kàn. Orí iyanrìn àti ẹrẹ̀ etí ọ̀sà ni Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko wà ní Èkó. Gáàsì tó ń pani nínú ilé níbẹ̀ kì í ti inú ilẹ̀ wá. Owó la fi ń rà á, Ọjà Àlàbá sì ni ọ̀pọ̀ wa ti rà á.

Láyé àtijọ́, àwọn Àwórì tó ni Ọ̀jọ́ kì í dáná sínú yàrá. Ẹ̀yìnkùlé ni àárò máa ń wà. Èéfín igi ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń ta ojú, ó ń lé èèyàn síta kó tó pa á. Iná ẹ̀lẹ́tíríìkì dé Marina ní Èkó lọ́dún 1896. Àtùpà elépo ni wọ́n ṣì ń tàn ní Ọ̀jọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn. Iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ìjọba, ECN, dé, NEPA sì gba ipò rẹ̀ lọ́dún 1972.

Ọ̀nà Badagry ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Wọ́n kọ́ ibùdó Trade Fair síbẹ̀ lọ́dún 1977, ìjọba Gómìnà Jákàńdè kọ́ àwọn ilé Ìbà, yunifásítì LASU bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1983. Àwọn oníṣòwò rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, tí ọmọ Ìgbò pọ̀ jù nínú wọn, sọ Àlàbá di ọjà tí gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń ná. Ilé yàrá-kojú-yàrá ń pọ̀ sí i, fìríìjì àti fáànù ń wọlé. Iná nìkan ni kò dàgbà. Títí di òní, gbogbo Nàìjíríà, tó lé ní 200 mílíọ̀nù èèyàn, ń pín nǹkan bíi 4,000 sí 5,000 mẹ́gáwáàtì.

Ibẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ kékeré ti rí àyè. Tiger TG950, tí gbogbo ìlú mọ̀ sí “I better pass my neighbour”, ṣe é fi ọwọ́ kan gbé. Wọ́n á po ọ́ìlì mọ́ epo bẹntiróòlù, wọ́n á fa okùn, á tú èéfín aláwọ̀ búlúù jáde. Èyí tí ojú rí nìyẹn. Carbon monoxide tó bá a jáde kò láwọ̀, kò sì lóòórùn. Olè kì í jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ níta lóru, nítorí náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí bákónì ni wọ́n ń gbé e sí. Nítorí ariwo rẹ̀ àti ẹ̀fọn, wọ́n á ti fèrèsé pa.

Gáàsì yìí ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju bí ọ́síjìn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ. Orí á máa fọ́ni, èébì á máa gbéni, ẹni náà á ní ibà ni; á lọ sùn. Bí wọ́n bá bá a níbi tó dákú sí, epo pupa ni wọ́n ń sáré rọ sí i lẹ́nu. Epo ò lè yọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e síta, kí ẹ gbé e dé ọsibítù. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, ó tó wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà kí ìdajì gáàsì náà tó kúrò lára. Bí wọ́n bá fi ọ́síjìn sí i nímú, nǹkan bíi wákàtí kan àti ààbọ̀ ni. Èéfín jẹnẹrétọ̀ yìí ni wọ́n ní ó pa àwọn ọ̀dọ́ kan sí yàrá tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ ní Yenagoa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024.

Rédíò kìlọ̀ títí, panápaná náà kìlọ̀. Lójú tèmi, iye owó epo ló ṣe ohun tí ìkìlọ̀ ò lè ṣe: òun ló ń mú kí èèyàn pa jẹnẹrétọ̀ tì. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ ti sún mọ́ ₦1,000 kí ọdún 2024 tó parí. Àlàbá kan náà tó ta jẹnẹrétọ̀ fún wa ló wá ń ta páńẹ́ẹ̀lì sólà, ínfátà àti bátìrì.

Ṣùgbọ́n ta ló ni òrùlé? Ayálégbé tó ń gbé yàrá kan ní Okokomaiko ò lè to páńẹ́ẹ̀lì sórí páànù onílé láìgbàṣẹ. Àlòkù jẹnẹrétọ̀ tí olówó pa tì ló ń bọ́ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ní England, láti oṣù Kẹwàá ọdún 2015 ni òfin ti ń mú onílé fi aago tó ń ké bí carbon monoxide bá wà nínú afẹ́fẹ́ sí yàrá tí wọ́n ti ń fi igi tàbí èédú dáná. Níbí, ìwé àdéhùn tí agẹ́ǹtì ń fúnni máa ń ka owó ilé, owó agẹ́ǹtì, owó lọ́yà àti owó ilẹ̀ gbígbá lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò tíì rí èyí tó sọ ibi tí ayálégbé máa gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sí.