Igún Dà? Ìtàn Ilé-Ẹ̀kọ́ Inú Igbó Tó Jẹ́ Ti Kwara Rí

1/ Ẹ̀yin tèmi, ẹ jókòó, ìtàn wà. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti Ìyá Àgbà lọ ra ẹran l'Ọ́jà-Ọba. Bí alápatà ṣe ń gé ẹran lọ́wọ́, Ìyá Àgbà kàn gbójú sókè, wọ́n ń wo orí páànù. Mo ní, "Ìyá Àgbà, kí lẹ ń wò?" Wọ́n ní, "Igún dà? Ibí yìí ni wọ́n máa ń bà sí nígbà tí mo wà lọ́mọge, wọn á tò bí ẹni tó ń retí lèmọ́mù."

2/ Ọmọ ọdún 26 ni mí, Ìlọrin ni wọ́n bí mi sí. Mi ò fojú ara mi rí igún rí, àfi nínú fídíò. Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ni mo kà ní yunifásítì o! Ọdún mẹ́rin gbáko. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n fẹ́ kó wa lọ sínú igbó. Bọ́ọ̀sì bàjẹ́ lójú ọ̀nà, la bá padà sílé. Wọ́n ṣì fún wa ní máàkì ìrìnàjò yẹn.

3/ Lóru ọjọ́ yẹn mo gbé fóònù, mo ń wá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ̀dọ́ nípa igbó nínú igbó gan-an, tí wọ́n á máa sùn tí wọ́n á máa jí síbẹ̀. Ohun tí mo rí rèé.

4/ Ní 1963, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Mweka, lẹ́sẹ̀ òkè Kilimanjaro, ní Tanzania. Àsìkò òmìnira ni. Àwọn òyìnbó tó ń ṣọ́ igbó ọba ń palẹ̀ mọ́. Ta ló máa wá ṣọ́ ọ? Ọmọ Áfíríkà ni, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́ṣẹ́. Ní 1970, wọ́n dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Garoua, ní Kamẹrúùnù, fún àwọn tó ń sọ Faransé.

5/ Àwa náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká lọ sí Kainji. Láàárín 1964 sí 1968 ni wọ́n kọ́ dáàmù síbẹ̀. Odò Ọya kún, omi bo Bussa àtijọ́, níbi tí Mungo Park, òyìnbó arìnrìn-àjò, kú sí ní 1806. Wọ́n kó àwọn ará ìlú lọ sí New Bussa. Òfin 1979 wá so igbó Borgu àti igbó Zugurma pọ̀, wọ́n di ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ọdún kan ṣáájú, ní 1978, ìjọba ti dá ilé-ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ẹranko igbó sílẹ̀ ní New Bussa.

6/ Ibi tí mo ti pariwo nìyí: ní 1978, Kwara ni New Bussa wà! Ìlọrin níbí ni olú-ìlú wọn. 1991 ni ìjọba gé New Bussa àti agbègbè rẹ̀ fún ìpínlẹ̀ Niger. Kaiama àti Baruten ṣẹ́ kù sọ́dọ̀ wa, apá kan ọgbà yẹn sì wà ní Kaiama títí dòní. Gbogbo ìwé tí mo kà, ẹnì kan ò sọ ọ́ fún mi rí.

7/ Kí ló dé tó fi jẹ́ pé inú igbó lèèyàn máa gbé? Ẹ wo Amurum, igbó kékeré kan ní Laminga, lẹ́bàá Jos. Láti 2001 ni ilé ìwádìí ẹyẹ A.P. Leventis ti wà níbẹ̀, àwọn tó ń gboyè kejì ní Yunifásítì Jos sì ń gbé inú ọgbà yẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, wọ́n ti ta àwọ̀n. Ẹyẹ tó bá há, wọ́n á yọ ọ́ jẹ́jẹ́, wọ́n á wọn ìyẹ́ rẹ̀, wọ́n á fi òrùka onínọ́ńbà sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n á tú u sílẹ̀. Tí wọ́n bá tún mú un lọ́dún mìíràn, nọ́ńbà yẹn ló máa sọ pé òun náà ni. Ẹyẹ ò mọ aago tí kíláàsì ń bẹ̀rẹ̀.

8/ Àpẹẹrẹ tó dùn mọ́ mi jù: ẹyẹ kan wà ní agbègbè Jos kan náà tó máa ń yé sínú ìtẹ́ ẹlòmíì. Ọmọ tó bá pa níbẹ̀ á kọ́ orin alágbàtọ́ rẹ̀. Onímọ̀ kan, Robert Payne, gbọ́ orin ẹyẹ yìí, ó rí i pé kò jọ ti alágbàtọ́ kankan tí ayé mọ̀. Wọ́n wá alágbàtọ́ ọ̀hún títí, wọ́n bá a láàárín àpáta. 1998 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un lórúkọ: Rock Firefinch. Etí ló kọ́kọ́ rí i kí ojú tó rí i.

9/ Ẹ má sọ pé nǹkan òyìnbó ni o. Ní Ìlọrin, ọmọ kéwú ń gbé lọ́dọ̀ alùfáà rẹ̀. Ọmọ ọdẹ ń bá ọ̀gá rẹ̀ sùn nínú igbó. Àwa náà mọ̀ pé ẹ̀kọ́ kan wà tí èèyàn ò lè jókòó sílé kọ́. Ibi tá a ti kùnà ni pé a ò kọ ohun tí ọdẹ mọ̀ sílẹ̀. Tó bá kú, ó bá a lọ nìyẹn. Ìyá Àgbà rí igún l'Ọ́jà-Ọba, àmọ́ ta ló kọ iye wọn sílẹ̀?

10/ Láti 2015 ni àjọ IUCN ti ka igún ìgboro, Hooded Vulture, mọ́ àwọn ẹ̀dá tó kù díẹ̀ kí wọ́n run. Ní 2020, igún tó lé ní 2,000 jẹ májèlé kú ní Guinea-Bissau. Àwọn èèyàn ń wá orí wọn fún oògùn, lẹ́kulẹ́jà sì ń tà á nílẹ̀ wa náà. Bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà ló ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún. Igún ló ń jẹ òkú ẹran kó tó rà mọ́ wa lọ́rùn.

11/ Nígbà tí mo sọ fún Ìyá Àgbà pé àwọn kan ń sùn nínú igbó torí kí wọ́n lè ka ẹyẹ, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìwọ náà lọ ka ti Ọjà-Ọba."

Mo lọ lóòótọ́. Ìwé àti bírò, wákàtí kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn alápatà. Àwòdì 7. Lékeléke 23. Igún 0.

Mo kọ òdo yẹn sílẹ̀, mo kọ ọjọ́ sí i. Ẹ̀yin náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà ilé yín: ẹyẹ wo ló wà ládùúgbò yín rí? Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ibí. Mò ń kà á.