Ta Ni Wọ́n Kà, Ta Ni Wọ́n Fò? Ìtàn Àwọn Ọmọ Ẹ̀yà Méjì ní Amẹ́ríkà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n ìjọba kò lè ṣe kó má ka ènìyàn, nítorí ẹni tí a kò kà, a kì í rántí rẹ̀ níbi ìpín. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a yẹ ìtàn àwọn ọmọ tí ẹ̀yà méjì bí ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà wò.

Ní ọdún 1850, ìwé ìkànìyàn Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọmọ tí dúdú àti funfun jọ bí sọ́tọ̀. Nígbà tó di 1890, wọ́n tilẹ̀ ń pín ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sí ìdá mẹ́rin àti ìdá mẹ́jọ! Ní 1930, wọ́n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́: bó ti wù kí ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú tó wà lára ọmọ bẹ́ẹ̀ kéré tó, dúdú ni kí wọ́n kọ ọ́. Ní 1967, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé òfin tó ka ìgbéyàwó dúdú àti funfun léèwọ̀, èyí tó ṣì wà ní ìpínlẹ̀ 16. Síbẹ̀, ọdún 2000 ni ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ lè mú ju ẹ̀yà kan lọ nínú ìwé ìkànìyàn. Mílíọ̀nù 6.8 ènìyàn ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2020, wọ́n di mílíọ̀nù 33.8. Kì í ṣe ọmọ bíbí nìkan ló fà á. Ọ̀nà tí ìjọba ń gbà to ìdáhùn wọn náà yí padà.

Ẹ lè bi mí pé, kí ló kan ìlera nínú èyí? Ẹ wo ọ̀rọ̀ kíndìnrín. Dókítà a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, a sì máa fi ìṣirò mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Ìlànà ìṣirò tí wọ́n gbé jáde ní 2009 ń fi nǹkan bí ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún kún èsì aláwọ̀ dúdú. Kíndìnrín rẹ̀ a wá dà bí èyí tó le ju bó ṣe rí lọ, èyí sì lè mú kó pẹ́ kí orúkọ rẹ̀ tó wọ ìwé àwọn tó ń retí kíndìnrín tuntun. Dúdú ni, àbí kì í ṣe dúdú? Ohun tí ìṣirò náà ń béèrè nípa ẹ̀yà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ni ọmọ ẹ̀yà méjì yóò wá sọ? Ẹ̀jẹ̀ kan náà, ọjọ́ kan náà, èsì méjì!

Ní 2021, àwọn onímọ̀ gbé ìlànà tuntun jáde tí kò béèrè ẹ̀yà mọ́. Láti 2023, wọ́n ń dá àkókò tí àwọn aláìsàn aláwọ̀ dúdú ti pàdánù padà fún wọn.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé kíkà dára, nítorí òun ló ń fi ẹni tí ìyà ń jẹ hàn. Ṣùgbọ́n kí a má fi ohun tí a kọ sínú ìwé rọ́pò ara aláìsàn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọmọ-ọmọ lọ́hùn-ún tí òbí rẹ̀ kan kì í ṣe Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ àìsàn tó wà ní ìdílé bàbá àti ti ìyá, kí wọ́n sì sọ méjèèjì fún dókítà. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́.