Kí Ló Kan Ẹ̀dọ̀ Níbẹ̀?

 

Bí inú bá ń bí ènìyàn ju bí ó ti yẹ lọ, àwọn àgbà a máa wí fún un pé, "Fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro." Ọ̀rọ̀ ìpẹ̀tù ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ara ènìyàn, tí mo sì sọ fún wọn pé àtúnṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dí wà lọ́wọ́ ẹ̀dọ̀, ọ̀kan nínú wọn dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, bí ó bá jẹ́ pé iṣan ọkàn ni ó dí, kí ló kan ẹ̀dọ̀ níbẹ̀?" Ìbéèrè náà dára. Ó gba àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní ọ̀pọ̀ ọdún kí wọn tó lè dáhùn rẹ̀, ìdáhùn náà ni mo sì fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín ní ìrọ̀lẹ́ òní.

Ní ọdún 1938, dókítà ará Norway kan, Carl Müller ní ìlú Oslo, kọ ìwé nípa àwọn ìdílé kan tí ó ti kíyè sí. Nínú ìdílé wọ̀nyí, kókó aláwọ̀ ìyeyè a máa yọ sí àwọn kan lára, ọ̀rá tí à ń pè ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù a pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, àyà a sì máa dùn wọ́n. Müller rí i pé bàbá tàbí ìyá ni ó ń fi àrùn náà sílẹ̀ fún ọmọ, bí ẹni fi ilẹ̀ oko sílẹ̀.

Kì í ṣe pé ọ̀rá yìí burú fúnra rẹ̀. Ara wa kò lè ṣe aláìní i. Òun gan-an ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe òróòro. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, a máa lẹ̀ mọ́ ara iṣan díẹ̀ díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹrẹ̀ ṣe ń dí gọ́tà. Bí iṣan tí ó lọ sí ọkàn bá dí, ọkàn a dákú. Bí ó bá jẹ́ ti ọpọlọ ni, rọpárọsẹ̀ dé nìyẹn. Nǹkan bí ẹnì kan nínú 250 sí 300 ènìyàn ní ayé ni ó jogún àrùn yìí láti ọ̀dọ̀ òbí kan. Ẹni tí ó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí méjèèjì kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè bàjẹ́ kí ó tó pé ogún ọdún.

Kí ló fà á? Ní ọdún 1972, dókítà méjì, Michael Brown àti Joseph Goldstein, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pọ̀ lórí ìbéèrè yìí ní ìlú Dallas, ní Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n rí rèé. Gbogbo ara wa ni a fi ẹyọ kéékèèké tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì kọ́. Ẹ fi ẹ̀jẹ̀ wé ọjà ńlá tí ẹrù ọ̀rá kún inú rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ní àwọn alábàárù tiwọn tí wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà. Bí ẹrù ọ̀rá bá ti ń kọjá, alábàárù a gbé e, a gbé e wọlé, a sì tún padà sí ẹnu ọ̀nà láti gbé òmíràn. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni àwọn àṣẹ tí a jogún wà, tí à ń pè ní jíìnì. Ẹni tí jíìnì tí ń ṣe alábàárù bá bàjẹ́ lára rẹ̀, alábàárù rẹ̀ kì í tó, tàbí kí ó má tilẹ̀ ní rárá. Ẹrù a sì kún ọjà. Ní ọdún 1985 ni a fún Brown àti Goldstein ní ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ yìí.

Kí wọ́n tó gba ẹ̀bùn náà ni ọmọdébìnrin kan ti fi ara rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, láti ìpínlẹ̀ Texas. Ó jogún àrùn náà lọ́dọ̀ òbí méjèèjì, ọkàn rẹ̀ sì ti bàjẹ́. Ní oṣù Kejì ọdún 1984, Thomas Starzl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Pittsburgh fún un ní ọkàn tuntun àti ẹ̀dọ̀ tuntun lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n tó ṣe é, òṣùwọ̀n ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ju 1,000 lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni kò yẹ kí ó ju 200 lọ. Láàárín oṣù díẹ̀, ó wálẹ̀ sí nǹkan bí 300. Gbogbo ara rẹ̀ yòókù kò yí padà. Ẹ̀dọ̀ àti ọkàn nìkan ni ó jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ọmọ náà padà sí ilé-ìwé. Ó gbé ayé fún ọdún mẹ́fà àti oṣù díẹ̀ sí i, ó sì kú ní ọdún 1990, ní ọmọ ọdún 13.

Ṣùgbọ́n níbo ni a ó ti rí ẹ̀dọ̀ fún gbogbo ẹni tí ó ń wá a? Àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí ronú pé, dípò kí a pààrọ̀ ilé, ǹjẹ́ a kò lè tún ibi tí ó ń jò ṣe? Ní ọdún 1992, James Wilson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Michigan gé apá kan lára ẹ̀dọ̀ obìnrin ẹni ọdún 29 kan. Wọ́n fi kòkòrò àìfojúrí, fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti gba oró lára rẹ̀, gbé jíìnì tí ó dára wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, wọ́n sì dá wọn padà sínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà dín kù, ṣùgbọ́n kò dín tó. Ènìyàn márùn-ún ni wọ́n ṣe é fún, kò sì sí èyí tí ọ̀rá rẹ̀ wálẹ̀ dé ibi tí ó yẹ. Wọ́n pa ọ̀nà yẹn tì.

Lẹ́yìn èyí ni ọjọ́ ìbànújẹ́ dé. Àrùn ẹ̀dọ̀ mìíràn wà tí a máa ń jogún, nínú èyí tí ẹ̀dọ̀ kò lè kó májèlé tí ń ti ara ẹran àti ẹ̀wà tí a jẹ jáde kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan ní àrùn yìí, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí a ń ṣọ́ jẹ àti oògùn kò jẹ́ kí ó lágbára lára rẹ̀. Ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò ní Yunifásítì Pennsylvania, níbi tí Wilson ti ń ṣe olórí iṣẹ́ jíìnì nígbà náà. Ó mọ̀ pé ìdánwò náà kò ní wo òun sàn. Ó ní ìrètí pé yóò ran àwọn ọmọ tuntun tí àrùn náà ń pa lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1999, wọ́n fún un ní fáírọ́ọ̀sì tí ó gbé jíìnì náà. Ara rẹ̀ dìde ogun sí i. Ní ọjọ́ 17, ó kú. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà wádìí, wọ́n rí i pé a kò pa àwọn òfin kan mọ́, wọ́n sì dá ìdánwò lára ènìyàn dúró níbẹ̀ ní ọdún 2000. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kọ ọjọ́ náà sínú ìwé yín. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Níbo wá ni ọ̀nà tuntun ti ṣí? Ara àwọn tí kò ṣàìsàn ni. Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ ní Faransé àti Kánádà rí jíìnì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ PCSK9. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó mú alábàárù tí ó gbé ẹrù wọlé, kí ó má jẹ́ kí ó padà sí ẹnu ọ̀nà mọ́. Bí jíìnì yìí bá ń ṣiṣẹ́ àṣejù, alábàárù a tán. Nígbà náà ni Helen Hobbs àti Jonathan Cohen ní Dallas béèrè pé, bí ó bá wá ṣe pé jíìnì náà kò ṣiṣẹ́ ńkọ́? Àárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, àwọn tí a kó baba ńlá wọn ní ẹrú láti ilẹ̀ Áfíríkà, ni wọ́n ti rí ìdáhùn. Nínú 3,363 tí a ṣọ́ fún nǹkan bí ọdún 15, àwọn 85 ni wọ́n jogún ẹ̀dà PCSK9 tí kò ṣiṣẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn 85 yìí ni àrùn iṣan ọkàn mú. Nínú àwọn yòókù, 319 ni ó mú. Ọdún 2006 ni wọ́n tẹ ìròyìn náà jáde. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń gbé oògùn kiri nínú ara wọn, wọn kò sì mọ̀.

Láti ìgbà náà, àwọn dókítà ń wá bí wọn ó ṣe fún ẹlòmíràn ní irú oríire bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2015, abẹ́rẹ́ tí ń dí PCSK9 lọ́wọ́ jáde. Ní ọdún 2020, ilẹ̀ Yúróòpù fi àṣẹ sí òmíràn tí a ń gbà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ní ọdún 2022, ní New Zealand, ilé-iṣẹ́ Verve bẹ̀rẹ̀ ìdánwò oògùn tí ó ń lọ tààrà sí ẹ̀dọ̀ láti yí lẹ́tà kan ṣoṣo padà nínú jíìnì náà, kí ó má lè ṣiṣẹ́ mọ́ títí ayé. Ní ọdún 2023 wọ́n ròyìn pé nínú àwọn tí ó gba ìwọ̀n tí ó pọ̀, ọ̀rá búburú dín ní 39 sí 55 nínú 100. Ní ọdún 2024, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan kò dára, wọ́n sì dúró, wọ́n pààrọ̀ ohun tí wọ́n fi ń di oògùn náà, kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú. Ẹ rí i pé wọ́n ti kọ́gbọ́n láti ọdún 1999: wọ́n mọ ìgbà tí a ń dúró.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń gbọ́ mi, ohun tí ó kàn wá nínú ìtàn yìí kò jìnnà. Bí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá ti ọwọ́ àrùn ọkàn kú ní kékeré, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, kí ẹ sì mú àwọn ọmọ yín dání. Kò di ìgbà tí a bá tún jíìnì ṣe. Oògùn oníhóró tí à ń pè ní statin, èyí tí ó kọ́kọ́ gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1987, ń mú kí ẹ̀dọ̀ rán alábàárù púpọ̀ sí i jáde. Bí ẹnì kan bá sì wá sọ fún yín pé òun ní oògùn jíìnì tàbí ti sẹ́ẹ̀lì tí yóò tún ẹ̀dọ̀ àti iṣan ṣe ní ọjọ́ kan, ẹ bi í ní ohun mẹ́ta: Àwọn wo ni ẹ ti fún? Kí ló ṣẹlẹ̀ sí wọn lẹ́yìn ọdún kan? Ta ni ó ń ṣọ́ yín? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ mú owó yín lọ sílé.

Ní ti ọmọ tí ó bi mí ní ìbéèrè, èsì rẹ̀ rèé: ohun tí ó kan ẹ̀dọ̀ níbẹ̀ ni pé òun ni ó ní àwọn alábàárù. Ó sì tó ọmọdébìnrin kan, obìnrin kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, àti àwọn 85 tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ wọn, kí a tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.