Àmù, Àgbá tàbí Táǹkì: Ọ̀rọ̀ Tí Ìjàpá Kó Mi Sí

Àwọn ará Jámánì tí wọ́n ṣe ọkọ̀ Volkswagen kékeré nì wo ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó rí roboto, wọ́n ní kòkòrò ni, wọ́n sì ń pè é ní Käfer. Àwọn ará Bùràsíìlì gba Volks sẹ́nu, wọ́n jẹ ẹ́ títí ó fi rọ̀, ó sì di Fusca lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ilẹ̀ káàárọ̀-o-ò-jíire, tí àwọn àgbà rí i bí ó ti ń rá pálá gun òkè Màpó, tí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ ń kọ mọ̀nà nínú oòrùn ọ̀sán, ẹnikẹ́ni kò pe ìgbìmọ̀ jọ kí gbogbo ayé tó mọ̀ pé Ìjàpá tìrókò, ọkọ Yánníbo, ni ó gúnlẹ̀ yẹn.

Irú Ìjàpá bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi nígbà tí wọ́n fi ilẹ̀ bora bí aṣọ, ti ọdún 1974, aláwọ̀ ewé tí ó ti ṣá. Ọdún mélòó kan ni ó fi wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé wa ní Ìbàdàn láìlọ sí ibì kan, ọ̀sẹ̀ tí mo sì ní kí a jí i gan-an ni òórùn bẹntiróò gba inú rẹ̀ kan, débi pé ìyàwó mi búra pé òun kò ní wọ aṣọ ẹgbẹ́ jókòó sínú rẹ̀ láéláé. Mẹkáníìkì tí ó ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ayé bàbá mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú, nítorí pé iwájú ni Ìjàpá gbé epo sí, ìdí ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Ó fi èékánná họ abẹ́ táǹkì, irin sì ń jábọ́ bí ìpẹ́ ẹja.

"Alàgbà," ni ó wí, "èyí kì í ṣe ohun tí a ń lẹ̀, a ó pààrọ̀ rẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ bí a ti ń ṣe é sílẹ̀ ní Yorùbá, nítorí àwọn ọmọ yìí kò lè ka ìwé òyìnbó tí ó bá ọkọ̀ wá."

Mo gbà, mo ṣe bí iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ọ̀rọ̀ kìíní gan-an ni ó dá mi dúró, nítorí bí a kò ti í perí ajá kí a má perí ìkòkò tí a fi sè é, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè perí epo kí a má dárúkọ ohun tí ó gbé e dání.

Kì í ṣe pé orúkọ wọ́n wa. Ilẹ̀ tí ó ní ìkòkò, ìṣà, orù, àmù, agbè, kèrègbè, ahá, àdo, ṣágo àti àgbá kò lè wí pé òun kò rí ohun tí òun yóò pe àpótí irin kan. Mo gbé wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àgbá ni ó kọ́kọ́ yọjú, irin ni, epo sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àgbá ni èyí tí à ń yí gbirigbiri nílẹ̀, àgbá náà ni ìbọn ńlá tí ń dún lójú ogun, èmi kò sì fẹ́ kí ọmọọṣẹ́ kà á pé kí òun tú àgbá kúrò níwájú ọkọ̀ kí ó ṣe bí ẹni pé ìlú ti dàrú. Agbè àti kèrègbè dùn létí, ṣùgbọ́n ẹlẹ́mu ni ó ni wọ́n. Níkẹyìn, ọkàn mi balẹ̀ sórí àmù. Àmù kì í rìn. Igun ilé ni ó ń jókòó sí, inú rẹ̀ ni gbogbo ilé ti ń bu omi, a kì í sì í gbé e àfi ọjọ́ tí a bá fẹ́ fọ̀ ọ́ tàbí ọjọ́ tí ó bá sán. Mo rò ó pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ohun yìí ti rí sí ọkọ̀: nǹkan bíi lítà 40 ni ó ń gbà, ó fìdí ti igun tirẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì ń ti ẹ̀yìn wá mu nínú rẹ̀. Mo kọ "àmù epo" gàdàgbà sórí ìwé, mo sì kà á sókè.

Ọ̀gá mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín títí sípánà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Àmù kẹ̀, Alàgbà? Ẹ jẹ́ kí n ránṣẹ́ sílé kí wọ́n gbé igbá wá, kí a máa bù ú."

Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó dùn mí nítorí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ohun tí ó bá wọ inú àmù, ẹnu ni ó ń gbà jáde, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ ni epo ọkọ̀ ń gbà lọ. Táǹkì, ní tirẹ̀, ti pẹ́ ní ìlú. Ó wà lókè ilé gbogbo wa, ó ń gba omi, ó ti kọlà ohùn, kò sì sí ìyá àgbà tí a óò túmọ̀ rẹ̀ fún. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n kó Èdè-Ìperí Yorùbá jọ, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀, ṣe iṣẹ́ ribiribi, síbẹ̀ fáwẹ́lì ṣì ni fáwẹ́lì nínú ìwé gírámà wa, kọ́ńsónáǹtì ṣì ni kọ́ńsónáǹtì, ojú kò sì tì wá. Ohun tí ará Bùràsíìlì fi Volks ṣe ni àwa náà fi táǹkì ṣe. Mo pa àmù rẹ́.

Kì í ṣe pé kí a wá ti ibẹ̀ kó gbogbo ọ̀rọ̀ òyìnbó wọlé bí ẹni kó ẹrù tòkunbọ̀. Ohun tí a kò ní yàtọ̀ sí ohun tí a ní tí a gbàgbé. Àwọn tí wọ́n pe bíréèkì ní ìjánu kò dá nǹkan kan sílẹ̀, ẹnu ẹṣin ni wọ́n ti mú un. Nígbà tí ọmọọṣẹ́ kan fa àwọ̀n kékeré jáde ní ìdí táǹkì, tí ẹrẹ̀ dúdú ti bò ó mọ́lẹ̀, tí ó sì pè é ní fílítà, mo bi í pé kí ni ìyá rẹ̀ fi ń sẹ́ ògì.

"Asẹ́ ni, sà."

"Kí ni èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ ń ṣe?"

Ó yí i wò lọ́tùn-ún lósì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Asẹ́ epo ni a kọ. Ìdérí ẹnu táǹkì di ọmọrí; ohun tí a fi ń rọ epo sí i ti ń jẹ́ àrọ kí ọkọ̀ tó dé ayé.

Níbi tí èdè wa ti yọrí ọlá jù lọ ni ọ̀rọ̀ àrùn táǹkì. Bí epo bá kàn mú ojú irin tutù, tí ó ń kó eruku jọ, tí a kò rí i kí ó bọ́ sílẹ̀, ó ń sun, gẹ́gẹ́ bí omi ti ń sun lára àpáta. Bí ó bá ń bọ́ tó, tó, tó, ó ń kán. Ẹ gbé abọ́ sí i, kí ẹni tí ó ní sìgá lẹ́nu sì jìnnà. Bí ó bá ń jò, ihò ti là. Bí ó bá wá di pé ó ń dà, ẹ sá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìwé òyìnbó ọwọ́ mi fi bo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti irin: irin tí ojú rẹ̀ kàn pọ́n dógùn-ún, a ó fi sáńpépà ha á, ṣùgbọ́n ìpáàrà, tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì fi sí orí kẹfà ìwé Mátíù, ni mo yà sọ́tọ̀ fún èyí tí ó jẹ irin wọnú, tí kò gbóògùn mọ́. Èmi ni mo pààlà yẹn o. Lẹ́nu àwọn ènìyàn, ọ̀kan ń wọ oko èkejì.

Ibì kan wà tí òwe fẹ́ ṣì wá lọ́nà. A ní àgbá òfìfo ní ń pariwo, bí ẹni pé ariwo lásán ni. Táǹkì òfìfo ní ń pani. Epo tí ó kún dẹ́nu kò yá ní bíbú gbàmù bí ìwọ̀nba tí ó ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀, tí ó ń fẹ́ lọ sókè, tí ó dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́, tí ó wá ń retí ìṣáná kan. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ́kọ́ ń yọ wáyà bátìrì, tí ó wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó kan nǹkan mìíràn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá náà kò fi jẹ́ gbé táǹkì àtijọ́ lọ bá wẹ́dà. Kí ni ohun tí ń fẹ́ lọ sókè yìí ń jẹ́? Mo kọ́kọ́ kọ oru, ṣùgbọ́n oru gbóná, èyí tutù. Èémí epo ni mo fi sí i, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Àwọn Ìjàpá ìgbà láéláé, títí di ọdún 1961, kò ní géèjì epo. Ọwọ́ irin kékeré kan ni ó wà níbi ẹsẹ̀ awakọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá bẹ̀rẹ̀ sí húkọ́ lójú ọ̀nà, awakọ̀ a fi ẹsẹ̀ yí i, lítà bíi 5 tí a fi pamọ́ sí ìsàlẹ̀ a sì máa bọ̀. Wọ́n bi ahun léèrè ìgbà tí yóò ti àjò dé, ó ní ó di ìgbà tí òun bá tẹ́. Ẹni tí ó bá ra epo tí ó gbàgbé láti yí ọwọ́ irin náà padà mọ bí ó ti ń rí. Tiwa ní géèjì. Mo fẹ́ pè é ní òṣùwọ̀n epo, ọ̀gá náà kò dáhùn, mo fi géèjì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ń léfòó lórí epo nínú táǹkì láti ta géèjì lólobó, ó gbà kí a pè é ní aléfòó.

Títú táǹkì kò pẹ́. Bọ́ọ̀tì mẹ́rin ni ó dì í mú. A rí òmíràn, tòkunbọ̀ tí inú rẹ̀ ń dán, ní Àràrọ̀mí, Agodi Gate, a sì gbé e sí ipò èyí tí ó kú.

Ohun kan ṣoṣo ni ó kù. Lára ọrùn táǹkì ni rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bí epo ti ń lọ. Bí ó bá dí, epo kò ní wá, gẹ́gẹ́ bí mílíìkì inú agolo kò ti ní wá dáadáa bí a bá lu ihò kan ṣoṣo sí i lórí. Òru ọjọ́ kan ni mo fi ronú sí i, mo pè é ní "ihò-ìgbafẹ́fẹ́wọlé", orí mi sì wú. Lọ́jọ́ kejì, ọmọọṣẹ́ tí ó kéré jù, tí kò tíì lo ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́, ki orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi ẹnu fẹ́ rọ́bà náà títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wú, ó ní, "Ọ̀gá, imú ẹ̀ ti dí!"

Ọ̀gá rẹ̀ na wáyà tín-ín-rín kan sí i, kò bi í pé imú ta ni. Mo fa ìlà la ọ̀rọ̀ mi gígùn nì já, mo sì kọ "imú táǹkì" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.