Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ Lábẹ́ Ìjọba Alágbádá Àkọ́kọ́: Ìyanṣẹ́lódì Ọdún 1964

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá wọ inú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́. Òwe yìí ṣẹ mọ́ ìjọba alágbádá àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà lára ní ọdún 1964, nígbà tí òmìnira kò tíì pé ọdún mẹ́rin. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n yanṣẹ́ lódì sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1945 ti ń retí pé òmìnira yóò dé inú ìkòkò ọbẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ọjà ń gbówó lórí, àwọn mínísítà ń gun ọkọ̀ bọ̀gìnnì, owó oṣù lébìrà kò sì tó ó jẹun.

Àwọn olórí òṣìṣẹ́ kò kúkú rẹ́ láàárín ara wọn. Ẹgbẹ́ United Labour Congress, tí H. P. Adebola ń darí, fara mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn. Nigerian Trade Union Congress ti Wahab Goodluck fara mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́múníìsì. Michael Imoudu, akọni òṣìṣẹ́ rélùwéè, náà sì ní ọ̀nà tirẹ̀. Síbẹ̀, ní ọdún 1963, wọ́n gbé ìjà tì, wọ́n dá ìgbìmọ̀ àpapọ̀ kan sílẹ̀, wọ́n sì halẹ̀ pé àwọn yóò dáṣẹ́ sílẹ̀. Ìjọba bá yan Adájọ́ Adeyinka Morgan láti ṣe ìwádìí lórí owó oṣù. Morgan ṣe iṣẹ́ rẹ̀ parí; ìjọba gba àbọ̀ rẹ̀ tán, ó jókòó lé e.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 1964, ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀. Rélùwéè dúró, iṣẹ́ dáwọ́ dúró ní èbúté, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni náà sì bá wọn dá sí i. Wọ́n lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Ìgbà náà ni ìjọba tó gbé àbọ̀ ìwádìí jáde. Pọ́n-ùn 12 ni Morgan dábàá fún òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré jù lọ ní Èkó. Pọ́n-ùn 9 àti ṣílè 2 ni ìjọba fẹ́ san. Ìjọba fún wọn ní wákàtí 48 láti padà sẹ́nu iṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò dá wọn dúró. Wọn kò mira. Lẹ́yìn ọjọ́ 13, ìjọba gbà láti bá wọn jíròrò, wọ́n sì fẹnu kò sí pọ́n-ùn 10 níkẹyìn.

Ṣùgbọ́n ìbò dé ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún kan náà. Ẹgbẹ́ Socialist Workers and Farmers Party, tí Tunji Otegbeye dá sílẹ̀ ní ọdún 1963 nítorí òṣìṣẹ́ àti àgbẹ̀, kò rí àga ẹyọ kan gbà. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí ó ti fi èjìká kan èjìká ní oṣù Kẹfà ni ó padà sẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣèlú ẹ̀yà rẹ̀.

Kì í ṣe àìgbọ́n ni ó fa èyí. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lè bèèrè àfikún owó oṣù. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ bá ṣàìsàn tàbí tí ó kú, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀ ni ó ń tọ́jú rẹ̀ tí ó sì ń sin ín. Ọ̀nà ọkọ̀, omi ẹ̀rọ àti ilé-ìwé tí ó ń fẹ́ fún ìlú rẹ̀, ọwọ́ olóṣèlú ìlú rẹ̀ ni ó ti ń retí wọn. Agbanisíṣẹ́ kan náà ni ó so wọ́n pọ̀ ní oṣù Kẹfà. Ní oṣù Kejìlá, oríṣiríṣi ilé ni oníkálùkù ń wò.

Àwọn ológun gba ìjọba ní oṣù Kìíní ọdún 1966. Ní ọdún 1978, wọ́n kó àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jọ di 42 lábẹ́ Nigeria Labour Congress, tí Hassan Sunmonu jẹ́ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí ìjọba alágbádá sì tún dé, ìyanṣẹ́lódì ọjọ́ méjì péré ní oṣù Karùn-ún ọdún 1981 ni ó ṣíwájú òfin tí ó sọ náírà 125 di owó oṣù tí ó kéré jù lọ.

Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ọwọ́ méjì ni òṣìṣẹ́ ní lábẹ́ ìjọba tiwa-n-tiwa: ẹgbẹ́ rẹ̀ àti ìbò rẹ̀. Ní ọdún 1964, ọwọ́ kan ni ó lò, pọ́n-ùn 10 ni ó sì rí gbà.